Ẹni Tó Ń Mu Ẹ̀kọ Lọ́sàn-án Àwẹ̀

Ẹni tó bá dé àdúgbò wa ní Ìkọ̀tún lọ́dún 1990, tó ní òun ń wá Ràímì télọ̀, ọmọdé gan-an á mú un débẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sanra níwọ̀nba, ọrùn rẹ̀ ki, ó sì fẹ́ràn kí aṣọ dúró dáadáa lára òun. Òun náà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, Matilda lorúkọ mi, Màmá Yẹ́misí ni wọ́n ń pè mí nínú ilé. Yàrá mi kọjú sí ti òun àti ìyàwó rẹ̀. Ohùn Ràímì ló ń jí mi láràárọ̀, n kò sì bínú sí i, torí ohùn náà dùn.

Ẹnu rẹ̀ ni mo bínú sí. Ràímì mọ ẹ̀sìn, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Nínú àwẹ̀ ọdún tó ṣáájú, ó ká Táyéwò bíríkìlà mọ́ ibi tó ti ń jẹ ẹ̀wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ràímì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orí máíkì mọ́ṣáláṣí ló ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó ní kí gbogbo àdúgbò bá òun kí àgbàlagbà tí ikùn rẹ̀ ju ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an. Láti ọjọ́ náà, Ìgàndó ni Táyéwò ti ń lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí mo bi Ràímì pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òtítọ́ kì í ṣìnà. Mo ní òtítọ́ kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ kó máa wo ibi tó ń tẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ó jẹ orógbó títí, ó lá oyin, ó ní ìrun pípè ló fà á, wọ́n sì fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀ lórí máíkì kí ohùn rẹ̀ lè sinmi. Nígbà tó yá, kókó kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Mọ̀dínátù, sì fi ẹkún mú un lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni, ó wà lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọ̀bẹ kàn án, iná ẹ̀rọ, ìtànṣán tí ojú kì í rí, ni àwọn máa fi pa àrùn náà, ojoojúmọ́ ni yóò sì máa wá gbà á, àfi Sátidé àti Àìkú, fún bí oṣù kan ààbọ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ike ṣe ìbòjú kan fún un. Ìbòjú náà bá ojú, àgbọ̀n àti ọrùn rẹ̀ mu géérégé, bó bá sì ti dùbúlẹ̀, wọ́n á fi dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí orí rẹ̀ má baà mì. Ràímì sọ fún Mọ̀dínátù pé nínú gbogbo ohun tí òun ti wọ̀ láyé, kò sí èyí tó bá òun lára mu tó o, pé télọ̀ gidi ni àwọn èèyàn yẹn. Cecilia, obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa jẹun. Iná náà máa dá egbò sí i lẹ́nu, oúnjẹ á korò, àmọ́ kó máa gbé e mì, torí bó bá rù, ìbòjú á tú lára rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mọ̀dínátù nìkan ló mọ̀. Ràímì sọ fún àwa yòókù pé òun rí iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù gbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pé ibẹ̀ ni òun ń lọ láràárọ̀. Ojú ń tì í. Ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ, pé ẹnu tó fi ń bú ayé ni Ọlọ́run fi mú un. Bí kò bá sì jẹ́ ìyẹn, ọdún náà ni rédíò ń pariwo àrùn tuntun tó ń mú èèyàn rù, tí wọ́n ní alágbèrè ló ń kó o. Nílùú tí wọ́n bá ti ń pariwo irú àrùn bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ rù?

Àmọ́ ó ń rù. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, itọ́ rẹ̀ di bí àtè, ọrùn rẹ̀ dúdú bí èèpo iṣu tí iná jó. Ó lọ síbi ìkómọ kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, wọ́n fún un ní àkàrà, ó fi sẹ́nu, kò lọ. Àkàrà náà padà wá tòun titọ́ sórí agbádá rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ṣe bí ẹni pé ikọ́ ni, ó dìde, ó sì gba ilé lọ láìdágbére. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ fẹnu kan nǹkan níbi tí ojú bá wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ ara rẹ̀ sínú ní ṣọ́ọ̀bù, bùbá lónìí, ṣòkòtò lọ́la, kó lè máa bá a mu bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ìborùn aláwọ̀ pupa àti funfun bí ti àwọn Alhájì wé ọrùn. A rò pé fáàrí ni, èmi gan-an fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí oṣù àwẹ̀ fi lé. Àwẹ̀ yẹn bá Ràímì bí òjò ṣe ń bá ẹni tó fẹ́ sunkún níta. Kò sẹ́ni tó ń jẹun lọ́sàn-án mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tí kò jẹ. Bó bá rù, gbogbo wọn náà ló ń rù. Mọ̀dínátù rán an létí pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda aláìsàn, pé bí ara bá yá a, kó san án padà, bí kò bá yá, kó máa bọ́ òtòṣì. Ta ló ń sọ ọ́ fún? Ràímì ló máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wáàsí. Ó kàn bi í pé ta ni òun fẹ́ sọ fún pé ara òun ò yá. Ó gbààwẹ̀ náà, iná lówùúrọ̀, ebi títí di alẹ́, alẹ́ gan-an kò sì rí ju ṣíbí díẹ̀ gbé mì.

Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n ń yìn ín. Lèmọ́mù nawọ́ sí i níbi wáàsí, ó ní, "Ẹ wo Ràímì. Àwẹ̀ tí Ọlọ́run ń fẹ́ nìyẹn, ó hàn lára rẹ̀." Àwọn oníṣòwò tí ikùn wọn yọ níwájú sì ń mi orí. Mọ̀dínátù ní bó ṣe délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ilẹ̀, ó ní ó sàn kí wọ́n bú òun.

Lọ́sibítù, ìbòjú ike ti ń ṣí kúrò lára àgbọ̀n rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ké gbàjarè. Ràímì wò ó bíi télọ̀. Nígbà yẹn, kò sí bùláòsì obìnrin tí a kì í fi páàdì sí léjìká, báàgì páàdì sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú méjì dání. Bí Cecilia bá ti yí ojú sí ẹ̀rọ, á ki ọ̀kan bọ abẹ́ ìbòjú ní apá ọ̀tún, á ki ìkejì bọ apá òsì, ìbòjú á sì fún padà. Ní ti ìwọ̀n, ó wọ ṣòkòtò méjì lé ara wọn, ó fi àlùmọ́gàjí ńlá àti irin ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti bàjẹ́ sínú àpò. Ìwọ̀n ní kò tíì rù púpọ̀. Inú rẹ̀ dùn délé lọ́jọ́ náà, ẹni ẹlẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò.

Ọjọ́ kẹta ni páàdì kan já bọ́ nígbà tí Cecilia ń tú ìbòjú. Ó mú un nílẹ̀, ó wò ó, òwú funfun ṣì wà létí rẹ̀. Ó bi í pé kí nìyí. Ó ní kó bọ́ sórí ìwọ̀n, kó kọ́kọ́ kó ohun tó wà lápò sílẹ̀. Ràímì, ládàánì, ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sinmi, kó àlùmọ́gàjí àti irin sílẹ̀ níwájú obìnrin tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ, ó sì bọ́ ṣòkòtò kan lórí ìkejì. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n sáré padà sẹ́yìn.

Cecilia kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, èyí kì í ṣe aṣọ. Ibi tí a bá dojú iná yìí kọ ló ń jó. Bí orí yín bá fi díẹ̀ yẹ̀ nínú ìbòjú, ibi tí kò ṣe nǹkan kan ló máa jó, àrùn á sì jókòó síbi tó wà."

Dókítà ní kí wọ́n dá iná dúró. Wọn ò lè ṣe ìbòjú mìíràn fún ara tó ń yọ́ lójoojúmọ́, ó dìgbà tó bá dẹ́kun rírù. Ọjọ́ tí iná bá sì fi dúró, àrùn ló ń jèrè rẹ̀. Kó máa jẹun ní wákàtí méjì méjì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀kọ, mílíìkì, ẹyin, òróró ẹ̀pà, ohunkóhun tó bá lè yọ̀ lọ. Bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á ti rọ́bà tí oúnjẹ á máa gbà dé ikùn bọ̀ ọ́ nímú, rọ́bà náà á sì máa wà níbẹ̀ tó bá ń rìn nígboro. Mo rò pé rọ́bà yẹn ló bà á lẹ́rù ju ikú lọ, torí kò sí ìborùn tó lè bò ó.

Báyìí ni Ràímì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ́sàn-án àwẹ̀. Yàrá ló ń jókòó sí, ó tilẹ̀kùn, ó fa kọ́tìnì. Kò yọjú. Wọ́n ṣáà rò pé ó wà níbi iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù. Mọ̀dínátù ló ń sè é ní kíṣìnnì tí gbogbo wa jọ ń lò, lójú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbààwẹ̀. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án. Á gbé e wọlé ní kíkún, á gbé àwo jáde ní òfìfo.

Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé nǹkan oṣù rẹ̀ ló dé, wọ́n sì gbójú kúrò. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn wọlé, àwo ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹnìkan ní bóyá ọmọ ló ń bọ́. Sàúdá, ọmọ wọn, ti dàgbà, òun náà ń gbààwẹ̀. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ sókè bó bá ń kọjá. Ebi ń pa Mọ̀dínátù bó ṣe ń ro ẹ̀kọ náà, kò sì tọ́ ọ wò pé bóyá ṣúgà rẹ̀ tó.

Ẹni tó bá mọ Mọ̀dínátù á mọ̀ pé ìdí ìkòkò ìṣínu ni iyì rẹ̀ wà. Lọ́dọọdún, òun ni ẹgbẹ́ Àsàlátù ń fi ìgbakọ lé lọ́wọ́, òun ló ń ṣe olórí àwọn tó ń se oúnjẹ tí gbogbo mọ́ṣáláṣí fi ń ṣínu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fọlákẹ́, ìyá ẹgbẹ́ náà, gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ó ní ẹni tí kò gbààwẹ̀ kò lè máa se oúnjẹ aláwẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dunni jù.

Ògiri ilé wa kò nípọn. Mo gbọ́ nígbà tó dé, tó ń rò fún ọkọ rẹ̀. Ràímì fi ohùn tó kù fún un ní kó fara dà á, pé Ìtúnu ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mọ̀dínátù ní, "Mo ti ń fara dà á, Bàbá Sàúdá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹun, èmi lebi ń pa. Èmi náà ni wọ́n wá ń pè ní ajẹun."

Ẹ wò ó, mo bínú. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mo mọ̀, mo sì káàánú rẹ̀ gan-an nígbà tí Mọ̀dínátù wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́bàá kànga lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ọkùnrin tó bá fi ìyàwó rẹ̀ ṣe aṣọ ìbora, tí òjò ń pa ìyàwó, tí òun sì wà nínú gbígbẹ, n kò rí orúkọ tí mo lè pè é. Mo ní màá lọ sọ fún wọn nísinsìnyí. Ó di apá mi mú, ó ní kí n fi Bíbélì mi búra pé n kò ní sọ. Mo búra, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Oúnjẹ tí ìtìjú bá wà nínú rẹ̀ kì í gbéni ró. Ràímì ń mu ẹ̀kọ, ẹ̀kọ ń há a lọ́fun. Nígbà tó tún gun ìwọ̀n, kò rí ìyàtọ̀ gidi, Cecilia sì sọ fún un pé bó bá tún rí báyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, rọ́bà ni.

Jímọ̀ ló tẹ̀ lé e. Mọ̀dínátù wà ní kíṣìnnì lọ́dọ̀ mi, ó gbé ẹ̀kọ mìíràn kaná lórí sítóòfù. Ràímì wà ní yàrá pẹ̀lú èyí tó kọ́kọ́ gbé wọlé. Wọ́n ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, ládàánì tuntun tó dípò Ràímì wà lórí máíkì, ó ń ṣe ìkéde. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó ti gbogbo mùsùlùmí lójú. Ó ní obìnrin kan wà ládùúgbò yìí, ìyàwó aṣáájú, tó ń se ẹ̀kọ mu lọ́sàn-án gangan. Ó dárúkọ rẹ̀. Ó wá ní kí gbogbo èèyàn bá òun kí Ìyá Sàúdá, àgbàlagbà tí ikùn rẹ̀ ju ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Ràímì ni, láìyọ ẹyọ kan kúrò. A gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn látinú sípíkà. Mọ̀dínátù kò gbójú sókè, ó ń ro ẹ̀kọ.

Ilẹ̀kùn wọn ṣí. Ràímì jáde pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ lọ́wọ́. Singílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, kò wé ìborùn. N kò rí ọrùn rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìborùn, ó dúdú, ó ń bó, egungun èjìká rẹ̀ sì yọ síta. Ó kọjá lára wa, ó gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo tẹ̀ lé e.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, níbi tí ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ rí i. Ó bu ẹ̀kọ, ó mu ún. Ẹ̀kọ ń ṣàn sí i ní àgbọ̀n, ó ń wúkọ́, ó ń nu ún, ó tún ń bu òmíràn. Àwọn tó ń jáde dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n, àwọn náà rí i, wọ́n dúró. Ó sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ràímì tí ohùn rẹ̀ ń jí gbogbo Ìkọ̀tún, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ gan-an kò gbọ́ ọ. Ó wá nawọ́ pé kí wọ́n fún òun ní máíkì. Lèmọ́mù wo ọrùn rẹ̀, ó gba máíkì lọ́wọ́ ládàánì tuntun, ó na wáyà rẹ̀ jáde, ó gbé e sí i lẹ́nu fúnra rẹ̀.

Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Ó ní, "Èmi Ràímì ni mò ń mu ẹ̀kọ yẹn. Jẹjẹrẹ wà lọ́fun mi. Ìyàwó mi ò já àwẹ̀ kan, mo kàn sá sẹ́yìn rẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ fi ìborí bo ẹnu. Ràímì gbé máíkì sílẹ̀, ó tún gbé àwo. Ó ń bù ú mu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ. Ojú tì í, ojú ti gbogbo wa tó ń wò ó, kò sì sí ẹni tó lè kúrò níbẹ̀.

Mọ̀dínátù ti gbọ́ látinú ilé, gbogbo òpópónà ló gbọ́. Ó dé pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gba àwo tó ti tutù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó da tuntun sí i, ó fi etí ìró rẹ̀ nu àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mu ún, ẹ má kánjú." Ó sì dúró tì í lórí ìdúró títí ó fi mu ún tán, òun tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti sààrì.

Láti ọjọ́ náà, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni Ràímì ti ń mu ẹ̀kọ. Ojú ń tì í síbẹ̀, ó máa ń yí ẹ̀yìn sí títì, àmọ́ ó ń mu ún. Ara rẹ̀ dúró lórí ìwọ̀n, wọ́n ṣe ìbòjú mìíràn tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó gba iná tó kù tán lẹ́yìn Ìtúnu. Àrùn náà lọ. Ohùn kò padà wá bíi tàná. Ó lọ sí Ìgàndó lọ bẹ Táyéwò, Táyéwò ní ó ti tán, ó fún un lómi mu, kò sì padà sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa.

Nígbà tí àwẹ̀ ọdún kejì kù díẹ̀, Fọlákẹ́ àti àwọn obìnrin Àsàlátù gbé ìgbakọ wá sílé wa. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ Mọ̀dínátù. Ó kúnlẹ̀ fún wọn padà, ó ní kò sí ìjà, Ọlọ́run á gba àwẹ̀ gbogbo wa, ṣùgbọ́n apá ń dun òun, òun ò lè ro ìkòkò ńlá mọ́. Àwa tí a jọ ń pọn omi ní kànga láràárọ̀ mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe apá rẹ̀. Ràímì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń tú bùbá rẹ̀ tó gbà sínú lọ́jọ́sí, torí ó ti ń sanra padà. Ó gbọ́. Ó gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, Ràímì sì tún tẹ orí ba, ó ń tú aṣọ lọ.